Kò-Jìnnà àti Àga Tó Kọ̀ Láti Wọlé

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n bá ní kí n dárúkọ àìsàn tí kò gbóògùn, ẹnu ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ. Kì í ṣe ẹnu tó ń rùn o. Ìyẹn ní oògùn. Ẹnu tó ń fọ́nnu ni mò ń wí. Irú rẹ̀ ló wà lójú ọ̀gbẹ́ni kan tó kó wá sí àdúgbò wa, tí gbogbo wa ń pè ní Kò-Jìnnà. Bí ẹ bá bi mí ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, n kò mọ̀, ó sì ti pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti dáhùn sí i kẹ́yìn.

Èmi ni onígbàjámọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé Ìyá Onílé, láàárín ìlú àtijọ́, níbi tí àwọn baba ńlá wa kọ́lé sí kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan mọ́tò. Ọ̀nà wa tóóró débi pé bí èèyàn méjì tó sanra bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn rìn wọ ṣọ́ọ̀bù mi kí èkejì tó lè kọjá. Bí mo ṣe ń rí oníbàárà nìyẹn. Wọ́n ri òpó irin mọ́lẹ̀ níbi tí ọ̀nà wa ti ya kúrò lójú títì, kí mọ́tò má baà wá fi imú gbo ògiri. Ẹsẹ̀ la fi ń lọ, ẹsẹ̀ la fi ń bọ̀, a kò sì ka ìyẹn sí nǹkan kan. Ta ló ń yangàn pé òun ní imú?

Kò-Jìnnà nìkan ni. Ilé tuntun kan lẹ́yìn ìlú ló ń gbé tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ Ajé ló kó wọ yàrá òkè nílé Ìyá Onílé; nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti ń fi ọ̀nà han àwa tí wọ́n bí síbẹ̀.

"Ilé ìfìwéránṣẹ́? Kò jìnnà! Ilé ìwòsàn? Kò jìnnà! Ibi iṣẹ́ mi? Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, bí mo bá sín láàárọ̀, ọ̀gá mi á ti mọ̀ pé mo ti jí!"

Ó ní búrẹ́dì kì í tutù kó tó dé ọwọ́ òun, torí pé òun lè na apá láti ojú fèrèsé kí òun mú un nínú ààrò. Ó ní òun ta mọ́tò òun nítorí pé kò wúlò fún òun mọ́. Mọ́tò tí gbogbo wa rí nígbà tí wọ́n ń fi okùn fà á lọ! Lọ́jọ́ kan, ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń sọ ìtàn ilé náà fún Ìyá Onílé. Ìyá Onílé, tí wọ́n bí sí yàrá òkè yẹn, tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ti jábọ́ lórí àtẹ̀gùn kan náà!

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Ìyá Onílé wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé ilé ta ni mo wà yìí."

Ẹ má jẹ́ n purọ́ mọ́ ọn, kò burú léèyàn. Ó ń yẹ ojú wò ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta awò ojú ní igun kejì, ó sì mọ iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í fi fọ́nnu rárá: olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó ń fẹ́. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni, ojú rẹ̀ a sì máa rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó rẹ́rìn-ín. Bí ó bá ń bọ̀ wá kí i, Kò-Jìnnà á gbálẹ̀ yàrá, á gbá àtẹ̀gùn, á gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ ọn, kò sì ní sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ dé ọkàn. Bí ó bá pàdánù ọmọ yẹn, mo mọ̀ pé kò ní rẹ́rìn-ín fún ìgbà pípẹ́.

Bàbá ọmọ ni ìṣòro.

Awakọ̀ àjàgbé ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi jókòó sórí àga tó ga, tó rọ̀, tó ń wo ayé láti òkè, débi pé orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti gbàgbé ìrìn. Nígbà tó kọ́kọ́ wá wo ibi tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ máa gbé, ó gun àtẹ̀gùn wa, ó sinmi, ó tún gùn ún, ó tún sinmi, títí ó fi dé òkè. Ó wá àga kiri. Kò sí! Ibùsùn kan, tábìlì kan, àti àpótí kékeré tí Kò-Jìnnà ń jókòó lé bí ó bá fẹ́ wọ bàtà. Bàbá jókòó lórí àpótí. Orúnkún rẹ̀ gòkè wá bá etí rẹ̀.

"Ṣé kò sí àga nínú ilé yìí ni?"

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi àga ṣe ládùúgbò yìí?" ni ẹlẹ́nu dáhùn. "Ibi ìgbafẹ́ wà lẹ́yìn ilé wa, àga kúnbẹ̀ fọ́fọ́. Kò jìnnà!"

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi dá àna lóhùn! Bàbá wo ọmọ rẹ̀, ó wo Kò-Jìnnà, ó sì fọwọ́ ti ògiri dìde.

"Mo ń padà bọ̀ ní Sátidé," ló wí. "Bí mo bá bá àga tí mo lè fẹ̀yìn tì, a ó jọ sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Bí n kò bá bá a, má yọ ọmọ mi lẹ́nu mọ́. Ọmọ mi ò ní tìtorí pé gbogbo nǹkan ò jìnnà kó wá máa lóṣòó bí ọ̀pọ̀lọ́."

Nígbà tí Bàbá ti ń lọ, olùkọ́ dúró díẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. N kò tẹ́tí o. Etí onígbàjámọ̀ kì í nílò pé kí á tẹ́ ẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, àga kékeré kan," ló sọ fún Kò-Jìnnà. "Onígi, tó ní ẹ̀yìn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi ò ṣòro."

"Kékeré kẹ̀? Èmi? Kí n gbé bàbá yín jókòó sórí àga kékeré?"

"Ẹ rántí o. Kékeré."

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé kan náà là ń wò ká tó ra àga, ṣùgbọ́n Kò-Jìnnà kò wolé.

Ní Sátidé, mo ń gẹrun fún oníbúrẹ́dì, èèyàn jẹ́jẹ́ kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo ti fá apá ọ̀tún orí rẹ̀ tán, apá òsì ṣì wà bí Ọlọ́run ṣe dá a. Kò-Jìnnà já wọlé.

"Ọ̀gá Onígbàjámọ̀, ẹ gbà mí! Mo ti ra àga. Àga tí ọba bá rí, á sunkún!"

"Àga ọ̀hún dà?"

"Ó wà lẹ́bàá òpó irin. Mọ́tò tó gbé e wá ò lè wọlé. Ẹ jẹ́ ká lọ gbé e. Kò jìnnà!"

"Ṣé o wọn ẹnu ọ̀nà kó o tó rà á?"

"Ẹ̀yin náà! Ohun tí oníṣọ́ọ̀bù bi mí gan-an nìyẹn. Mo ní, 'Èmi tí mò ń wọn ojú gbogbo ìlú, ṣé ẹnu ọ̀nà ló máa wá ṣòro fún mi?'"

"Ìyẹn ni pé o wọ̀n ọ́n."

"Mo fojú wọ̀n ọ́n."

Mo ní kó jẹ́ n kọ́kọ́ parí orí tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní rárá, a ó ti padà dé kí irun tó mọ̀ pé a jáde. Oníbúrẹ́dì, èèyàn jẹ́jẹ́, dìde, ó tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Nígbà tí olórí ti wá jáde, kí ni kí n máa fá? Èmi náà tẹ̀ lé orí mi lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí àga! Àga ìrọ̀gbọ̀kú pupa, onírun múlọ́múlọ́, apá rẹ̀ fẹ̀ débi pé ọmọ ọwọ́ lè sùn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó sì yí ẹ̀gbẹ́ padà. Bí ó ti gùn tó, ẹni tó jókòó lápá ìhín gbọ́dọ̀ pariwo kí ẹni tó wà lápá ọ̀hún tó gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti igi gidi, wọ́n gbẹ́ ẹ bí èékánná kìnnìún. Awakọ̀ tó gbé e wá ti sá lọ. Mo rò pé ó ti rí ọ̀nà wa.

Kò-Jìnnà mú iwájú, torí pé iwájú ni wọ́n ti ń pàṣẹ. Èmi àti oníbúrẹ́dì mú ẹ̀yìn, níbi tí ìwúwo wà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́; ti Kò-Jìnnà, èjìká èmi àti oníbúrẹ́dì ló mú ọ̀ràn bá.

"Ṣó kù púpọ̀?" ni mo bi í.

"Kò jìnnà!"

Ọ̀nà kan kò wọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ilé wa, ọ̀nà náà sì ní igun. Bí a ti dé igun yẹn, àga há. Orí rẹ̀ gún ògiri ìhín, ìdí rẹ̀ gún ògiri ọ̀hún. Kò lọ, kò bọ̀. Èrò pọ̀ sí iwájú, èrò pọ̀ sí ẹ̀yìn, gbogbo wọn ló sì ní ìmọ̀ràn. Ìyá kan tó ń ti ọjà bọ̀ kò dúró gba ìmọ̀ràn. Ó gbé ẹsẹ̀, ó gun àga kó lè kọjá sí òdìkejì, ṣùgbọ́n nígbà tó dé àárín, ó jókòó.

"Yéè! Ó mà rọ̀ o!"

Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́! Kí a tó ṣẹ́jú, èèyàn ti kún orí àga. Láti ibẹ̀ lọ, níbikíbi tí a bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti mí, ẹnìkan á ti jókòó lé e, a ó wá máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ dìde kí a lè tún gbé e. Bàbá arúgbó kan tiẹ̀ ní kí a máa gbé òun lọ pẹ̀lú rẹ̀, ilé òun kò jìnnà.

A dé ẹnu ilẹ̀kùn wa. A fi ẹ̀gbẹ́ àga wọlé, ó kọ̀. A dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó kọ̀. A gbé e nàró bí èèyàn, ó fi orí kan ìtẹ́rígbà, ó kọ̀. Igi gànràn-gànràn má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àga gbàǹgbà má há mi lẹ́nu ọ̀nà, ṣọ́ọ̀bù la ti ń wọ̀n ọ́n!

"Ìyá," ni Kò-Jìnnà wí fún Ìyá Onílé, "bí a bá lè yọ férémù ilẹ̀kùn yìí fún ìṣẹ́jú díẹ̀..."

"Yọ kí ni? Férémù tí bàbá mi bá níbẹ̀? Ilẹ̀kùn tí ìjọba ní a ò gbọdọ̀ kùn ní ọ̀dà mìíràn?" Ìyá Onílé fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn rẹ̀. "Ọmọ mi, kí wọ́n tó yọ ilẹ̀kùn yìí, wọ́n á kọ́kọ́ yọ ìwọ."

Ojú Kò-Jìnnà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Oòrùn ti ń ga, Bàbá ti wà lọ́nà. Ló bá sáré lọ sókè, ó so okùn mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀, ó ju orí okùn kejì sí wa láti ojú fèrèsé. A so ó mọ́ àga. Òun ń fà lókè, àwa ń tì nísàlẹ̀. Àga kúrò nílẹ̀! Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó ga dé orí wa, ó ga ju orí wa lọ, ó kọjá pátákó ṣọ́ọ̀bù mi. Ìgbà yẹn la gbọ́ tí nǹkan ń rìn lókè, gbìì, gbìì, gbìì. Ibùsùn ni! Ibùsùn ń bọ̀ lójú fèrèsé láti wá wo ohun tó ń fa òun.

"Ẹ sá o!"

Àga jábọ́. Ó kó pátákó mi lọ́wọ́ dání, ó sì fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó kọjú sí ọ̀nà. Kò fọ́, kò ya. Ó jókòó síbẹ̀ bí ọmọ onílé.

Kí a tó mí, Kò-Jìnnà ti figbe ta láti ojú fèrèsé. Ó ti rí Bàbá ní igun! Àna kì í pẹ́ dé níjọ́ tí a kò tíì gbálẹ̀. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó wo ọ̀tún, Bàbá ń bọ̀. Ó wo òsì, èrò dí ọ̀nà. Ó kó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó bọ́ sórí àga ìgẹrun, ó fa aṣọ ìgẹrun bo ara rẹ̀ dé ọrùn.

"Ẹ fi ọṣẹ kùn mí lójú! Ẹ máa fá!"

"Kí n fá kí ni?"

"Ohunkóhun!"

Oníṣẹ́ kì í kọ iṣẹ́. Mo fi ìfófòó ọṣẹ bò ó lójú títí dé imú, mo mú abẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì orí rẹ̀.

Bàbá dé. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mí bí ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ọmọ rẹ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí àga. Ó wo ìhín, ó wo ọ̀hún, ó fi ọ̀pá kàn án. Lẹ́yìn náà ló yípo, ó sì jókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn tó ti ẹnu Bàbá jáde, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Orúnkún méjèèjì ló ń dúpẹ́.

"Háà! Háà! Ta ló ni àga yìí?"

Gbogbo èrò yíjú padà. Gbogbo wọn wo ẹnu ilẹ̀kùn mi.

"Mo ti wa àjàgbé dé ibi tí èèyàn lè dé," ni Bàbá ń wí, "n kò rí ibi tí wọ́n ti gbé irú àga yìí síta fún arúgbó rí. Ẹni tó ṣe é mọ iyì àgbà. Ẹ wò ó, ọmọkùnrin ẹlẹ́nu kan wà lókè yìí tí mo wá bá. Mo mọ̀ pé kò ní ní àga, mo kàn fẹ́ fojú mi rí i ni, kí n fòpin sí ọ̀rọ̀ òun àti ọmọ mi. Ká ní ẹni tó gbé àga yìí síta kò tíì láya ni, òun ni ǹ bá fún lọ́mọ, lónìí olónìí!"

Lábẹ́ ọwọ́ mi, orí Kò-Jìnnà gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, n kò rí orí mọ́. Ó ti wà níta!

"Èmi ni, Bàbá! Èmi ni mo gbé e síta!"

Ọṣẹ ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, aṣọ ìgẹrun ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, apá òsì orí rẹ̀ ń dán, apá ọ̀tún dúdú kirikiri. Ẹ̀gbẹ́ oníbúrẹ́dì gan-an ló lọ dúró sí, oníbúrẹ́dì tí apá ọ̀tún tirẹ̀ ń dán. Bí a bá so àwọn méjèèjì pọ̀, irun orí ẹnìkan ló wà níbẹ̀. Ọgbọ́n ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Bàbá wo ti ìhín, ó wo ti ọ̀hún.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń gẹrun ládùúgbò yìí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ni oníbúrẹ́dì wí, èèyàn jẹ́jẹ́.

"Ó dáa." Bàbá yíjú sí Kò-Jìnnà. "Ìwọ lo ni àga? Kí ló dé tó ò gbé e sínú ilé rẹ?"

Ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀! Bí ó bá ní kò wọlé, òmùgọ̀ ni, kò sì sí bàbá tó ń fọmọ fún òmùgọ̀. Olùkọ́ dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ó wo àga, ó wo okùn tó ṣì rọ̀ láti ojú fèrèsé, ó sì wo ẹsẹ̀ ibùsùn tó yọ síta. Kò-Jìnnà náà wo okùn, ó wò mí. Mo ṣàánú rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀ jí.

"Nínú ilé kẹ̀, Bàbá? Irú àga báyìí, kí èmi nìkan jókòó lé e? Àwọn àgbà àdúgbò ni mo rà á fún! Bí mo ti rí orúnkún yín lọ́jọ́ yẹn ni mo ti sọ fún ara mi pé gbogbo orúnkún ìlú yìí gbọ́dọ̀ sinmi!"

"Àwa?" ni Ìyá Onílé bi í láti ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin, mà."

"Kì í ṣe tòní nìkan?"

Ó wo àga náà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Rárá, mà."

"Títí lọ?"

"Títí lọ, mà."

Ìyá Onílé kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ti ń ṣọ́ láti àárọ̀, ó wá jókòó ti Bàbá. Ìyá ọlọ́jà náà jókòó. Bàbá arúgbó tó fẹ́ ká gbé òun lọ sílé náà jókòó. Àgbà kì í wà ládùúgbò kí àga ọ̀fẹ́ ṣófo. Bàbá sì na ọwọ́ sí Kò-Jìnnà níwájú gbogbo wa, ó ní òun ti fún un lọ́mọ. Gbogbo ọ̀nà hó yèè!

Olùkọ́ sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Okùn wo nìyẹn?"

"Okùn aṣọ ni."

"Aṣọ wo ló wúwo tó bẹ́ẹ̀?" Ó fi etí gèlè rẹ̀ nu ọṣẹ kúrò lójú rẹ̀. "Mo ní kí ẹ ra kékeré." Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di òpó ilẹ̀kùn mi mú.

Wọ́n ti ṣègbéyàwó báyìí. Lórí àpótí ni Kò-Jìnnà ń jókòó lókè di òní. Bí ó bá tibi iṣẹ́ dé, á dúró wo àga rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti tẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó, Ìyá Onílé á ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti darúgbó ni?" Bí òjò bá ṣú, òun náà ló ń sáré sọ̀ kalẹ̀ wá fi tapólì bò ó.

Bàbá kọ́kọ́ ń wá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Nígbà tó yá, ó ń wá lójoojúmọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dé pẹ̀lú àpò aṣọ méjì àti ìrọ̀rí. Kò-Jìnnà bọ́ síta.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kí ló máa wà? Ìwọ lo kọ́ mi lọ́gbọ́n, àna mi." Bàbá jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀. "O ní kí èèyàn máa gbé níbi tí ohun tó fẹ́ ò ti jìnnà sí i. Ọmọ mi ń bẹ níbí, àga mi ń bẹ níbí. Mo ti gba yàrá tó wà nísàlẹ̀ tiyín gan-an lọ́wọ́ Ìyá Onílé. Àjà rẹ̀ ò ga, pákó ni. Bẹ́ ẹ bá ń jà, n ó fi ọ̀pá mi kàn án."

Láàárọ̀ àná, Kò-Jìnnà yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní ṣé mo mọ ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò.

"Mọ́tò kẹ̀! Ìwọ? Níbo lo fẹ́ wà á lọ?"

Ó wo òkè, ó wo ìta níbi tí Bàbá ti ń hanrun lórí àga, ó sì fi ẹnu sí mi létí.

"Ọ̀gá Onígbàjámọ̀," ló wí, "ibikíbi tó bá ti jìnnà."